Èéfín Tó Ń Jowó

Ẹni tó bá ti wọkọ̀ ojú omi rí ní Ẹbúté Èrò tàbí ní CMS mọ òórùn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. A ó fi ìṣẹ́tí aṣọ bo imú, a ó ní èéfín ni, ọ̀rọ̀ parí. Èéfín kọ́ nìkan o. Epo bẹntiróòlù tí ò jóná ló pọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní two-stroke, inú epo gan-an ni awakọ̀ ń da ọ́ìlì sí, kí wọ́n jọ jó pọ̀. Bí epo tuntun sì ti ń wọlé lọ́wọ́, ẹnu ọ̀nà èéfín ti ṣí sílẹ̀, díẹ̀ nínú epo náà á sì bá èéfín jáde láìfojú kan iná. Àwọn aláṣẹ ọ̀rọ̀ àyíká ní Amẹ́ríkà ní ó lè tó ìdámẹ́rin. Gálọ́ọ̀nù mẹ́rin lẹ rà, ọ̀kan bá ọ̀sà lọ!

Lọ́dọ̀ tiwọn, àwọn tó ń fọkọ̀ ṣe fàájì ni wọ́n kọ́kọ́ dojú ọ̀rọ̀ yìí kọ. Ní 1998, Kalifóníà ṣòfin pé kí wọ́n máa lẹ ìràwọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ lára, láti orí ẹyọ kan lọ sókè. Èyí tó bá ní ìràwọ̀ mẹ́ta, èéfín rẹ̀ fi 65 nínú 100 dín sí ti oníràwọ̀ kan; ti oníràwọ̀ mẹ́rin fi 90 dín. Ní 1999, wọ́n lé púpọ̀ nínú àwọn two-stroke kúrò lórí adágún Tahoe, omi tí wọ́n ń bù mu.

Tiwa ńkọ́? Yamaha ní irú two-stroke kan tí wọ́n ń pè ní Enduro, tí wọ́n ń tà fún ilẹ̀ Áfíríkà, mi ò sì bá àwọn awakọ̀ wa wíjọ́ pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tó ń gbé èrò lọ sí Tarkwa Bay lọ́jọ́ Sunday là á fún mi:

"Bùrọ̀dá, tí èyí bá kọṣẹ́ lójú omi, èmi fúnra mi ni máa tún un ṣe. Four-stroke ńkọ́? Àfi kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wá."

Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n láti May 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ìdámẹ́rin tó ń ṣòfò yẹn ti di owó gidi. Mo ṣírò rẹ̀ fún un. Ó mirí, kò fèsì.

Ohun tó tilẹ̀ ká mi lára ju owó lọ ni pé ìdí ẹ́ńjìnnì ló ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́. Carbon monoxide wà nínú èéfín yẹn, kò lóòórùn, kò láwọ̀, orí fífọ́ ló sì fi máa ń bẹ̀rẹ̀. Mo bi í bóyá orí máa ń fọ́ ọ.

"Ojoojúmọ́ kẹ̀! Oòrùn ni."

Mo ní kó kúkú máa pa ẹ́ńjìnnì nígbà tó bá ń kó èrò. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní tóun bá pa á tí ò bá tètè ṣíná mọ́, ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn òun á ti kó gbogbo èrò lọ.