Ìrù Ajá ní Ṣómólú àti Bàrígà

Ajá ìbílẹ̀ tó ń rìn kiri ní Ìlàjẹ, létí ọ̀sà Bàrígà, ìrù rẹ̀ gùn, ó sì ká sókè. Rottweiler tó ń gbó lẹ́yìn géètì ní Ṣómólú, kùkùté ló kù nídìí rẹ̀. Tìrùtìrù ni ìyá wọn bí àwọn méjèèjì.

*

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún tí wọ́n bí ọmọ ajá ni wọ́n sábà máa ń gé ìrù rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò tíì là. Àwọn kan ń lo àlùmọ́gàjí. Àwọn mìíràn a fi rọ́bà dè é pinpin kí ẹ̀jẹ̀ má dé ibẹ̀ mọ́, títí ìrù yóò fi kú tí yóò sì já bọ́. Egungun wà nínú ìrù yẹn, iṣan tó ń mọ ìrora sì wà níbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kì í fún un ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó dùn ún.

*

Columella, ará Róòmù tó kọ̀wé lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ohun tó lé ní 1,900 ọdún sẹ́yìn, ní bí wọ́n bá gé ṣóńṣó ìrù ọmọ ajá tó pé ogójì ọjọ́, dìgbòlugi kò ní mú un. Inú itọ́ ajá tó ti kó àrùn náà ló ti ń ràn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́dọ̀ dókítà ẹran ló ń dènà rẹ̀.

*

Bí oníbàárà bá rí ìrù nídìí ọmọ Rottweiler, á ní àdàmọ̀dì ni. Bẹ́ẹ̀, Jámánì tí irú ajá náà ti wá ti fòfin de ìrù gígé láti 1998. England àti Wales ṣe tiwọn ní 2007. Àwọn ajá ọdẹ àti ajá iṣẹ́ kan wà lára àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀. Odindi ìrù ni Rottweiler Jámánì ń jù lónìí.

*

Àwọn ajá kan wà tí wọ́n bí pẹ̀lú ìrù kúkúrú lóòótọ́. Nínú Pembroke Corgi àti Australian Shepherd, ìyípadà kan nínú jíìnì tí wọ́n ń pè ní T ló ń mú ìrù kúrú. Ọmọ tó jogún un lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo ń yè. Èyí tó jogún un lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì máa ń kú sínú oyún.

*

Àwọn tó ń gé ìrù ní ìrù gígùn tètè ń fara gbọgbẹ́. Ìwádìí kan tó jáde ní Britain ní 2010 fi hàn pé nǹkan bí 500 ajá ni a ó gé ìrù wọn kí a tó gba ẹyọ kan lọ́wọ́ ọgbẹ́ ìrù.

*

Nínú ilé Bàrígà tí yàrá kojú síra wọn, ọmọdé àti ajá ló jọ ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Ìrù tó le gbagidi sókè ń sọ pé kí ọmọ dúró sẹ́yìn. Èyí tó wọ àárín ẹsẹ̀, ẹ̀rù ló ń ba ajá. Ọlọ́run ní í bá màlúù tí kò nírù lé eṣinṣin. Ta ni yóò bá ajá tí a gé ìrù rẹ̀ kìlọ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ?

*

Ohun tí oníbàárà ń béèrè ni ọlọ́sìn ń gé. Ọwọ́ àwa tí a ń rà ni ọ̀rọ̀ náà wà: kí ìyá ajá tó bímọ ni kí a ti sọ ọ́ pé odindi ìrù la fẹ́. Bó bá di ọjọ́ kẹfà, ẹ̀bẹ̀ ti pẹ́ jù.