Ta Ló Láṣẹ Lórí Iṣẹ́ Ọwọ́ Òṣìṣẹ́?

Iṣẹ́ kì í pani, ìṣẹ́ ní í pani. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, n kò sì bá a jà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀gá ibiṣẹ́ ti sọ ọ́ di ohun tí wọ́n fi ń pa òṣìṣẹ́ lẹ́nu mọ́. Ẹni tó bá ní agara dá òun, wọ́n á ní kó máa jẹ èso, kó máa sáré láàárọ̀, kó sì tẹra mọ́ àdúrà. Wọ́n lè pe onímọ̀ kan wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kó wá kọ́ wọn bí a ṣe ń mí kanlẹ̀. Ìdí iṣẹ́ tí wọ́n ń padà sí kò yàtọ̀ sí ti àná. Lójú tèmi, bí iṣẹ́ ṣe pọ̀ tó nìkan kọ́ ló ń ba òṣìṣẹ́ jẹ́. Kéèyàn má lẹ́nu rárá lórí iṣẹ́ tó ń ṣe ló burú jù.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, láti ọdún 1967, àwọn oníwàádìí tọpa ìlera àwọn ọkùnrin òṣìṣẹ́ ìjọba tó lé ní 17,000. Ẹni tó bá ń wòye lásán á ní àwọn ọ̀gá pátápátá, tí ẹrù ìpinnu wà lọ́rùn wọn, ni àrùn ọkàn yóò mú jù. Òdìkejì ni wọ́n bá: àwọn méséńjà àti aṣọ́nà ló pa jù, ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn ọ̀gá. Ẹnìkan lè ní sìgá ló fà á. Lóòótọ́, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ń mu sìgá jù, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣírò sìgá, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ mọ́ ọn, ìwọ̀nyẹn kò ṣàlàyé tó ìdajì ìyàtọ̀ náà. Ìwádìí kejì, tí Michael Marmot ṣáájú láti 1985, tó sì kó obìnrin mọ́ra, fi hàn pé ewu àrùn ọkàn pọ̀ fún ẹni tí kò lè pinnu bí òun yóò ṣe ṣe iṣẹ́ òun. Wákàtí náà ní tirẹ̀ níbẹ̀: ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kéde pé ẹni tó ń ṣe wákàtí 55 sókè lọ́sẹ̀ fi ìdá 35 nínú 100 súnmọ́ àrùn rọpárọsẹ̀ ju ẹni tó ń ṣe 35 sí 40 lọ.

Ẹ wá wo akáṣíà báńkì kan ní Èkó. Ìkòròdú ló ti ń bọ̀, kò sì lè dúró kí ilẹ̀ mọ́ nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Kì í ṣe òun ló ń já nẹ́tíwọ́ọ̀kì, òun ni oníbàárà ń bú bó bá já. Nírọ̀lẹ́, kò ní kúrò níbẹ̀ àfi bí owó ọwọ́ rẹ̀ bá bá ìwé mu. Bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún bá dín, àpò ara rẹ̀ ló máa ti jáde. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń wá owó ìfipamọ́ kiri, láti òkè ni táàgẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ ti já bọ́, láago mẹ́wàá alẹ́ ni ọ̀gá sì ń bi í léèrè lórí WhatsApp. Bó bá tún jẹ́ òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì, ta ni yóò fọhùn?

Àwọn ọ̀gá á ní èrò tó ń wáṣẹ́ kún ìgboro, ẹni tí kò bá lè ṣe é kó máa lọ. Èyí gan-an ló ń di òṣìṣẹ́ lẹ́nu, ẹni tuntun tí wọ́n bá sì gbà, ibi kan náà ni yóò ti rẹ̀ ẹ́. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà ní kí ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà sókè lójúmọ́ rí ó kéré tán wákàtí kan fi sinmi, kó sì ní ọjọ́ kan nínú méje. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ àkóso àti iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì sì wà lára wọn. Ṣùgbọ́n kò dìgbà tí òfin bá yí padà kí ọ̀gá tó jẹ́ kí òṣìṣẹ́ mọ Sátidé tí yóò wọlé ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kó tó bá wọn jíròrò táàgẹ́ẹ̀tì kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀, kó tó wádìí owó tó dín kó tó yọ ọ́ nínú owó oṣù. Owó tí èyí ń ná kò tó nǹkan. Àṣẹ díẹ̀ ló máa bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, mo sì fura pé òun gan-an ni wọn kò fẹ́ fi sílẹ̀.