Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Nípa Gìtá Kan Tó Dákẹ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣe àtẹ̀gùn ọ̀rọ̀ mi lónìí, ẹ̀yin olólùfẹ́ èdè àti àṣà Yorùbá. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí ẹ̀yà kékeré kan lára gìtá oníná, èyí tí àwọn olórin ń pè ní pickup. Kì í ṣe ọkọ̀ akẹ́rù tí a mọ̀ sí orúkọ yẹn lójú títì ni mò ń wí o. Ẹ̀yà yìí kéré, ṣùgbọ́n òun ló ń gba ìró okùn tó sì ń fi ránṣẹ́ sí amplifáyà. Bí ó bá kú, gìtá náà yadi. Bí ó bá wá yadi, ṣé kí a tún un ṣe ni àbí kí a pààrọ̀ rẹ̀?

Gìtá tí mo ní lọ́kàn ni èyí tí wọ́n ń pè ní pedal steel. Èmi yóò máa pè é ní gìtá onípẹ́dà. A kì í gbé e kọ́ ọrùn. Ṣe ni ó máa ń dùbúlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin bíi tábìlì, tí ẹni tó ń ta á yóò jókòó tì í. Okùn 10 ló sábà máa ń wà lójú rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ń ta okùn, ọwọ́ òsì ń fi irin dídán kan fà lórí wọn, ẹsẹ̀ ń tẹ pẹ́dà, orúnkún náà sì ń ti àwọn irin kan tó ń yí ohùn okùn padà. Àwọn ará Hawaii ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi irin fà lórí okùn gìtá báyìí ní ìparí ọ̀rúndún 19, Joseph Kekuku sì ni orúkọ tí a mọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí George Beauchamp àti ilé-iṣẹ́ Rickenbacker ní Amẹ́ríkà gbé gìtá oníná tó kọ́kọ́ rọ́jà jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, irú gìtá tí a ń tẹ́ lé itan, tí a sì ń fi irin fà, ni. Ìbejì ni pickup àti gìtá onírin, inú ilé kan náà ni wọ́n ti jáde.

Báwo ni ó ṣe dé inú orin jùjú? Ẹni tó bá gbọ́ àwo King Sunny Adé tí Island Records gbé jáde ní 1982, èyí tí wọ́n pè ní Juju Music, yóò rántí ohùn kan tó ń fà gùn-ún láàárín gángan àti àwọn gìtá yòókù, bí ẹni ń rárà. Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù ló ń ta gìtá onípẹ́dà yẹn. Òun kan náà ni Paul Simon pè kí ó ta á sínú orin Graceland tó jáde ní 1986. Irinṣẹ́ tí àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà mọ̀ mọ́ orin oko wọn ti di ọmọ ilé lọ́dọ̀ tiwa.

Bọ̀dá mi, ẹni tí mo tẹ̀lé, fi irú gìtá yìí jẹun nínú ẹgbẹ́ olórin jùjú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí, ó sì ń gbé ní Pleasure, ládùúgbò tí òpópónà Èkó sí Abẹ́òkúta là kọjá lẹ́yìn Ìyànà Ìpájà. Ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, ìdí sì nìyí tí wọ́n fi ń kánjú kọ́ ọmọ ọmọ wọn kan, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ní bí a ṣe ń ta á. Àárín ẹ̀kọ́ yìí ni gìtá náà dákẹ́. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ pè kò tilẹ̀ tú u wò tó fi sọ pé kí wọ́n ra pickup tuntun láti òkè òkun. Iye tó dá lé e ju owó ìfẹ̀yìntì oṣù mélòó kan lọ. Bọ̀dá mi kò sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì.

Kí a tó mọ ohun tí a ó ṣe, ó yẹ kí a mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Òòfà ni, tí a wé wáyà bàbà mọ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Wáyà náà tín-ín-rín bí irun orí, nǹkan bíi 0.06 mílímítà, a sì fi fáníìṣì bò ó. Bí okùn irin bá ń gbọ̀n lókè òòfà, agbára òòfà yóò máa yí padà, ìyípadà yìí ni yóò sì bí iná kékeré sínú wáyà. Michael Faraday ló ṣàwárí ìlànà yìí ní 1831. Iná kékeré yẹn ni amplifáyà ń sọ di ohùn ńlá. Ìdí nìyí tí okùn ọ̀rá kò fi lè dún lórí rẹ̀: òòfà kò mọ ọ̀rá, irin ló mọ̀.

A kì í dájọ́ agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan dá. Nítorí náà, kí a tó dá pickup lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu àwọn yòókù. Wáyà tó so gìtá mọ́ amplifáyà ni a ó kọ́kọ́ pààrọ̀. Lẹ́yìn èyí, a ó yọ pẹ́dà tó ń mú ohùn lọ sókè sódò kúrò láàárín, nítorí inú rẹ̀ máa ń jẹ. A ó wo ihò tí à ń ki wáyà bọ̀. Bí gbogbo èyí bá dára, kí a tan amplifáyà, kí a rọra fi orí sikurudíráfà kékeré kan ojú pickup. Bí a bá gbọ́ "kọ́", ó ṣì wà láàyè. Bí ó bá sì jẹ́ pé ńṣe ni ó ń kùn hùn-ùn, tí ohùn okùn ṣì ń jáde, kò tíì kú. Iná ilé wa tó ń mì ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló ń gbọ́. Paríparí rẹ̀ ni mítà. Pickup irú gìtá yìí tí ara rẹ̀ dá sábà máa ń fi nǹkan bíi 8,000 sí 20,000 óómù hàn. Bí mítà kò bá rí ọ̀nà kọjá rárá, wáyà ti já nínú.

Bọ̀dá mi ránṣẹ́ sí ọ̀gá kan tó ń wé wáyà fáànù àti pọ́ǹpù omi, àgbàlagbà tó ní sùúrù. Ó ṣe gbogbo ìdánwò yìí, ó sì rí i pé wáyà ti já ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ọwọ́ kò lè dé láìtú gbogbo rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, wáyà tó wà lọ́wọ́ mi nípọn ju èyí lọ. Bí mo bá fi wé e, kò ní gba iye ìgbà tó yẹ, ohùn yín yóò sì rẹlẹ̀."

Mo bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin yìí nítorí gbólóhùn yẹn. Ó lè gba owó, kí ó sì fi wáyà fáànù wé e, a kò ní mọ̀. A ò lè lọ ra pickup gìtá lásán ní Alábà fi dípò rẹ̀ náà, nítorí okùn mẹ́fà ni wọ́n ṣe èyí fún. Okùn tó kù nínú mẹ́wàá yóò kọjá etí òòfà. Ó gbà wá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a tó rí wáyà tó tín-ín-rín tó. Ọ̀gá náà tún un wé, ó ń ka iye ìgbà bí ó ti ń yí i, ọmọ ọmọ Bọ̀dá mi sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tan amplifáyà, Bọ̀dá mi fa irin lórí okùn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbé etí sílẹ̀, wọ́n ní, "Ohùn rẹ̀ ni. Òtútù kàn mú un díẹ̀ ni."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohùn kì í padà bọ̀ sípò gẹ́lẹ́ bí ó ti wà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyáàlù wa. Bí awọ rẹ̀ bá ya, àwọn ọmọ Àyàn a pààrọ̀ awọ. Bí ọṣán rẹ̀ bá já, wọ́n a fi òmíràn sí i. Ìlù tuntun a le díẹ̀ lójú awọ títí yóò fi rọ̀, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa sọ pé ìlù bàbá òun kọ́ nìyẹn mọ́. Igi ni wọn kì í sọnù, nítorí igi ni ó mọ ọwọ́ wọn. Òòfà àti ara gìtá Bọ̀dá mi ni igi tirẹ̀. Wáyà ni awọ.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra tuntun o. Bí òòfà bá fọ́, tàbí tí a kò rí wáyà tó bá a mu, kí a ra èyí tó gba okùn 10, kí a wọn ìbú rẹ̀ àti ihò ìdè rẹ̀ kí a tó sanwó. Ṣùgbọ́n kí a má ju ti àtijọ́ nù. Kí a tọ́jú rẹ̀ sínú ike, kí a sì kọ iye óómù rẹ̀ sára ike náà, nítorí ọmọ kan lè wà lẹ́yìn ọ̀la tí yóò mọ̀ ọ́n wé jù wá lọ.

Mo mọ̀ pé irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà nínú ilé ọ̀pọ̀ nínú yín, lábẹ́ ibùsùn àwọn bàbá tó ti ta gìtá rí. Ẹ bá wọn gbé e síta kí ẹ tó pe alókùúta tàbí onípàǹtí. Ẹ wá mítà. Ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ jókòó tì yín nígbà tí ẹ bá ń tú u.