Gáàsì Tuntun, Ọwọ́ Àtijọ́

R12 ni gáàsì tí mo fi kọ́ iṣẹ́ fíríìjì ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, kì í sì í gbiná. Ibẹ̀ ni gbogbo ìṣe ọwọ́ wa ti wá. Bí fíríìjì bá ń jò, a óò já páìpù rẹ̀, a óò jẹ́ kí gáàsì tó kù tú dà sínú ṣọ́ọ̀bù, a óò sì ṣáná sí ojú ibẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kódà iná ni ọ̀gá mi fi ń wá ibi tó ń jò. Ó ní tọ́ọ̀ṣì kékeré kan tí bàbà wà lẹ́nu rẹ̀, pẹ̀lú rọ́bà tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Ibi tí ọ̀gá bá na rọ́bà náà sí tí ọwọ́ iná fi di àwọ̀ ewé, ibẹ̀ ni gáàsì ń gbà sá lọ. Bí a bá sì ń rọ gáàsì, àtẹ́lẹwọ́ ni òṣùwọ̀n: a óò di páìpù tó ń padà sí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ mú, bó bá ti tutù dáadáa, ó tó.

Àwọn tó kọ́ wa bẹ́ẹ̀ kì í ṣe aláìmọ̀. Ìbẹ̀rù iná àti májèlé ló bí R12 fúnra rẹ̀. Àwọn gáàsì tí wọ́n ń lò ṣáájú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, bíi methyl chloride, ti pa ènìyàn mọ́lé. Ní 1928 ni Thomas Midgley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dáwọ́ lé èyí tí kò ní pani. Ní 1930, ó fa gáàsì náà símú níwájú àwọn onímọ̀ kẹ́míkà, ó sì fi èémí kan náà fẹ́ àbẹ́là pa. Ó di 1974 kí Mario Molina àti Sherwood Rowland tó fi hàn pé irú gáàsì bẹ́ẹ̀ ń gòkè lọ ba ozone jẹ́, ozone tó ń gbà wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn. Àdéhùn Montreal, láti dín irú gáàsì bẹ́ẹ̀ kù, tẹ̀ lé e ní 1987. R134a àti R404A ni wọ́n kó wá rọ́pò wọn. Àwọn wọ̀nyí kò ba ozone jẹ́, ṣùgbọ́n bí kílò kan R404A bá tú sáfẹ́fẹ́, ooru tó ń dá sílẹ̀ tó ti èéfín kábọ́nù tó lé ní kílò 3,900. Àdéhùn Kigali ti 2016 ní kí gbogbo ayé dín irú wọn kù.

Bí propane, gáàsì tó ń gbiná, ṣe dé nìyẹn. R290 la ń pè é lẹ́nu iṣẹ́ wa. Òun ló wà nínú ọ̀pọ̀ fíríìjì onígíláàsì tuntun tí wọ́n fi ń pàtẹ ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti yúgọ́ọ̀tì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ikú ni wọ́n kó wá bá wa. N kò bá wọn sọ ọ́. Gáàsì náà ń mú nǹkan tutù dáadáa, iná mànàmáná tó ń jẹ kò pọ̀, ìwọ̀nba ni wọ́n sì ń fi sí i: gíráàmù 150 ni òté tí ìlànà àgbáyé fi lélẹ̀ fún ọdún pípẹ́, kí wọ́n tó gbé e dé nǹkan bí 500 ní 2019 fún fíríìjì ìtajà.

Ọwọ́ wa ló ń bà mí lẹ́rù. Bí propane bá ti tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́, ó lè gbiná. Nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá, ìwọ̀nba gáàsì tó wà nínú fíríìjì kan á fọ́n ká. Nínú fíríìjì tí wọ́n pa gíláàsì rẹ̀ dé, kíá ló ń kún. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ló ń kó jọ sí. Kò sì lóòórùn, torí wọn kì í fi ohun tó ń rùn sínú rẹ̀ bíi ti gáàsì ìdáná. Àwọn tó ṣe fíríìjì náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí relay, thermostat àti sùwíìsì rẹ̀ fi jẹ́ irú èyí tí kò lè ta iná síta. Oníṣẹ́ tó bá yọ ọ̀kan, tó fi èyí tó kọ́kọ́ rí lọ́jà rọ́pò rẹ̀, ti tú ààbò náà ká láìmọ̀.

Èyí tó burú jù ni gáàsì ìdáná. Mo ti bá a nínú fíríìjì ìtajà. Ẹnì kan ló rọ ọ́ sí i torí ó gbọ́ pé propane ni. Àdàlù propane àti butane ni gáàsì ìdáná, omi àti ìdọ̀tí sì lè wà nínú rẹ̀. Ó ń ba kọ̀ńpírẹ́sọ̀ jẹ́. Àwọn tó ń rọ R290 sínú fíríìjì tí wọ́n ṣe fún gáàsì R22 ń kó ara wọn àti oníbàárà séwu bákan náà: kò sí nǹkan kan lára ẹ̀rọ yẹn tí wọ́n ṣe láti bá gáàsì tó ń gbiná gbé.

Ní tèmi, bí mo bá fẹ́ tún fíríìjì R290 ṣe, mo máa ń bẹ ìyá alákàrà tó wà lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n bá wa pa iná wọn. A óò pa jẹnẹrétọ̀, a óò ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. Rọ́bà ni mo fi ń darí gáàsì náà jáde sí gbangba, jìnnà sí gọ́tà, torí ó lè wọ inú rẹ̀ lọ dúró. Lẹ́yìn náà ni n óò fi nitrogen fẹ́ inú páìpù, n óò sì fi kọ́tà gé e. Iná kò gbọdọ̀ kan páìpù tí gáàsì ṣì wà nínú rẹ̀. Bí a bá ti dí i tán, ọṣẹ ni mo fi ń wá ibi tó ń jò, pọ́ọ̀mpù á fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, sìkéélì á sì wọn gáàsì sí iye tí wọ́n kọ sára fíríìjì, láìlé, láìdín.

Iṣẹ́ yìí ń gbà tó ìdajì ọjọ́. Àwọn oníbàárà ń kùn, wọ́n ní ẹlòmíì ń ṣe é ní kíákíá, ó sì ń gba owó tó kéré. Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù, ẹ wo ẹ̀yìn fíríìjì yín. Bí ẹ bá rí àmì ọwọ́ iná nínú igun mẹ́ta aláwọ̀ ìyeyè, ẹ bi oníṣẹ́ yín léèrè sìkéélì àti pọ́ọ̀mpù rẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án. Bí tọ́ọ̀ṣì nìkan ló gbé wá, ẹ fún un lówó ọkọ̀, kó máa lọ.