Ta Ló Wọ Bàálù, Èló Ló Ná Wa?

Láti ìparí ọdún 2003 ni ìjọba Kánádà ti ní kí àwọn mínísítà àtàwọn ọ̀gá àgbà lẹ́nu iṣẹ́ ọba máa gbé ìnáwó ìrìn-àjò àti ti àlejò ṣíṣe wọn síta. Ní 2019, ó di òfin. Bí wọ́n ṣe ń tò ó ló wù mí jù: orúkọ ẹni tó rìn, ibi tó lọ, ọjọ́ tó lọ àtọjọ́ tó dé, ohun tó bá lọ, owó bàálù lọ́tọ̀, owó òtẹ́ẹ̀lì lọ́tọ̀, owó oúnjẹ lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá ṣe àlejò, wọ́n á kọ iye òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹun àti iye àlejò. Bí òṣìṣẹ́ bá jẹ́ méjìlá, tí àlejò jẹ́ ẹyọ kan, ẹni tí wọ́n se oúnjẹ fún ti hàn.

*

Ní 2011, Bev Oda tó jẹ́ mínísítà ní Kánádà nígbà náà lọ ìpàdé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó fi òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gbà fún un sílẹ̀, ó kó lọ sí òtẹ́ẹ̀lì Savoy. Ife omi ọsàn kan níbẹ̀ jẹ́ dọ́là 16. Nígbà tí ìwé owó náà jáde ní 2012, ó tọrọ àforíjì, ó dá owó padà, nígbà tó sì di oṣù Keje, ó kéde pé òun ń kúrò nípò. Omi ọsàn yẹn ló dun aráàlú ju gbogbo ìyókù lọ, torí kò sílé tí wọn ò ti mọ iye tí wọ́n ń ra ọsàn.

*

Nàìjíríà náà gbìyànjú. Oṣù Kejìlá ọdún 2019 ni ìjọba Ààrẹ Buhari ṣí ìkànnì Open Treasury: wọ́n ní kí iléeṣẹ́ ìjọba tó bá san mílíọ̀nù 5 náírà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa gbé e síbẹ̀ lójoojúmọ́. Mo yìn wọ́n. Àmọ́ bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́, gbèdéke mílíọ̀nù 5 yẹn sì ni ẹnu ògiri náà. Owó ìrìn-àjò òṣìṣẹ́ ìjọba, ìyẹn estacode fún òkè òkun àti DTA fún abẹ́lé, ẹni kọ̀ọ̀kan ló ń gba tirẹ̀. DTA ọjọ́ mẹ́ta láti Àkúrẹ́ sí Àbújá ò lè sún mọ́ mílíọ̀nù 5 láéláé.

*

Níbi COP28, ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́, ní Dubai, 2023, orúkọ 1,411 ló wà lábẹ́ Nàìjíríà. Ìjọba àpapọ̀ ní àwọn 422 lòun sanwó fún. Àlàyé náà mọ́gbọ́n dání, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìgbà tí ariwo iye èèyàn náà ti gba ìgboro ló jáde.

*

Ní oṣù Kínní 2024, Ààrẹ Tinubu dín àwọn tó ń bá a lọ sókè òkun kù láti 50 sí 20. Ó dáa. Ẹ fi owó wọn náà hàn wá.

*

Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 ní Nàìjíríà fún ẹnikẹ́ni láyè láti kọ̀wé béèrè ìròyìn lọ́wọ́ àjọ ìjọba láìsọ ìdí, ọjọ́ 7 sì ni àjọ náà ní láti fi dáhùn. Ní oṣù Kẹrin 2025, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé òfin náà de gbogbo ìpínlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìbàdàn, Òṣogbo àti Adó-Èkìtì, ẹ mú àjọ kan péré, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn: ta ló rìn lọ́dún tó kọjá, síbo, èló lowó òtẹ́ẹ̀lì, àwọn wo ló jẹun? Ẹ jẹ́ kí ẹni tó gba lẹ́tà náà buwọ́ lu ẹ̀dà tiyín, kẹ́ ẹ sì tọ́jú rẹ̀.