Ohùn Bàbá Àgbà àti sípíkà inú igun ilé

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, Kùmásí níbí ni wọ́n bí wọn sí. Ọjà ni àwọn òbí wọn ń tà, àwọn Àṣàńtì sì ń pè wọ́n ní Aláàtà bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gáná láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Yorùbá pọ̀ gan-an nínú àwọn tó palẹ̀ mọ́. Bàbá Àgbà wà lórí ẹrù nínú ọkọ̀ akẹ́rù kan, ó di Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tí wọn kò tíì fi ojú rí rí.

Nígbà tí iṣẹ́ ìwé gbé èmi náà wá sí Kùmásí, Bàbá Àgbà rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní ilẹ̀ tó lé àwọn ló tún pe ọmọ àwọn. Nígbà kan tí mo lọ sílé, mo fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀meje: ìtàn ọkọ̀ akẹ́rù yẹn, oríkì ìdílé wa, àti àwọn orin tí àwọn ìyá wọn ń kọ nídìí ọjà. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fi wàjà.

Mo pinnu pé màá tún ohùn náà ṣe dáadáa kí a lè gbé e sáfẹ́fẹ́ níbi ìrántí ọdún kan wọn. Yàrá kékeré kan wà nílé wa tí à ń kó ẹrù sí, ó gùn ní mítà 3.2, ó sì fẹ̀ ní mítà 2.6. Ìyàwó mi yọ̀ǹda rẹ̀ fún mi. Àdéhùn wa ni pé bí ọmọ bá ti sùn, kí ohùn lọ sílẹ̀. Mo ra sípíkà méjì, irú èyí tí àwọn tó ń gba orin sílẹ̀ ń lò. Bí ènìyàn ṣe ń to pálọ̀ ni mo ṣe tò wọ́n: mo gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí igun ilé méjèèjì níwájú, mo gbé tábìlì àti àga mi sí ọwọ́ ẹ̀yìn, mo sì fẹ̀yìn ti ògiri. Ó rẹwà lójú.

Ṣùgbọ́n bí mo bá ti tan ohùn Bàbá Àgbà, ṣe ni ó ń dún gbì-gbì-gbì bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú àmù. Mo rò pé fóònù ni kò gbà á dáadáa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé ohùn ìsàlẹ̀ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, mo gé e títí ó fi mọ́ létí mi. Iṣẹ́ èdè ni mo kọ́, nítorí náà ohun tí mo ń ṣọ́ ni àmì ohùn: ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́, ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ń jáde ketekete. Inú mi dùn. Àyè fóònù mi ti ń kún, mo sì pa méjì rẹ́ nínú ohùn tí mo kọ́kọ́ gbà. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni ìtàn ọkọ̀ akẹ́rù.

Ọjọ́ ìrántí pé. Wọ́n so ohùn náà mọ́ sípíkà ńlá lábẹ́ àtíbàbà, gbogbo ènìyàn dákẹ́. Ìyá Àgbà, ìyàwó wọn, tẹ́tí sílẹ̀ díẹ̀, wọ́n wá yíjú sí mi.

"Ta ni ẹni yìí?"

Mo ní, "Bàbá Àgbà ni, Mà."

Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ wọn ni. Àmọ́ kì í ṣe ohùn wọn. Ó dà bí ẹni tó ki orí bọ agolo."

Kò sí ẹni tó bínú sí mi. Wọ́n jẹun, wọ́n jó. Ṣùgbọ́n títí mo fi dé Kùmásí, gbólóhùn yẹn kò kúrò létí mi.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń gbé ní ilé kejì sí wa, akẹ́kọ̀ọ́ ni, ó sì ń ṣe orin nínú yàrá rẹ̀. Kùmásí kò ṣàjèjì sí irú iṣẹ́ yìí. Ìlú highlife ni láti ọjọ́ pípẹ́, ìlú asakaa ni lónìí. Ní 2020 ni Yaw Tog gbé "Sore" jáde, nígbà tó fi di 2021, Stormzy ará Lọ́ńdọ́nù ti bá a kọ àtúnṣe rẹ̀. Látìgbà náà, ọmọ tó bá ti ní kọ̀ǹpútà àti sípíkà méjì rí i pé ọ̀nà là. Mo pe ọmọkùnrin yìí wá wo yàrá mi. Kò tíì jókòó tó fi bú sẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Bra, fóònù rẹ kò jẹ̀bi. Ibi tí o jókòó sí ló jẹ̀bi."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó kọ́ mi, nítorí ó lè wúlò fún ẹni tó ní ọmọ tó fẹ́ràn orin nílé.

Èkínní, igun ilé. Ohùn ìsàlẹ̀ kì í lọ síwájú nìkan, gbogbo ẹ̀gbẹ́ ló ń lọ. Bí sípíkà bá wà ní igun, ògiri méjì àti ilẹ̀ á ti ohùn náà padà síwájú, yóò sì wú ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́wọ́ kan, igun tèmi ní fèrèsé onígíláàsì pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, ọwọ́ kejì ní kọ́bọ́ọ̀dù, nítorí náà ọ̀tún àti òsì kò tilẹ̀ dún bákan náà.

Èkejì, ògiri ẹ̀yìn. Ìró ń rin bíi mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú yàrá tó gùn ní mítà 3.2, ìró tó ń gbọ̀n ní ìgbà 53 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àti èyí tó ń gbọ̀n ní ìgbà 106, á máa lọ á máa bọ̀ láàárín ògiri méjèèjì, wọ́n á sì kóra jọ sí ẹ̀bá ògiri. Ohùn ọkùnrin tó ti dàgbà kì í sábà jìnnà sí 106 yẹn. Ibẹ̀ gan-an ni mo gbé orí mi sí. Gbì-gbì tí mo ń gbọ́, ti yàrá mi ni, kì í ṣe ti Bàbá Àgbà. Ara ohùn wọn ni mo ń gé dànù láti wo àìsàn ilé mi sàn. Àmì ohùn kò sọnù lóòótọ́, ṣùgbọ́n wíwúwo àyà tí a fi ń dá wọn mọ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ti lọ.

A yí gbogbo rẹ̀ padà lọ́jọ́ náà. A gbé tábìlì sún mọ́ ògiri kúkúrú tó wà níwájú, ní àárín, kí ọ̀tún àti òsì lè dọ́gba. Sípíkà méjèèjì kúrò ní igun, wọ́n fi bíi mítà kan jìnnà síra. Etí mi náà jìnnà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n kan náà, bí ààrò mẹ́ta. Okùn la fi wọ̀n ọ́n. A dojú wọn kọ mi díẹ̀. A fi búlọ́ọ̀kù gbé wọn sókè, a tẹ́ fóòmù sórí búlọ́ọ̀kù, títí ẹnu kékeré tí ohùn òkè ń gbà jáde fi ṣe déédéé etí mi. Orí mi wá wà ní bíi mítà 1.3 sí ògiri iwájú. Ọmọ náà ní kí n má jókòó sí àárín yàrá gan-an, nítorí níbẹ̀ ìró 53 á fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá.

Mo ní kí a fa sípíkà jìnnà sí ògiri iwájú dáadáa. Ó ní nínú yàrá kékeré, ìyẹn lè dá wàhálà mìíràn sílẹ̀. Bí sípíkà bá jìnnà sí ògiri ní mítà kan, ohùn á rin mítà méjì ní lílọ àti bíbọ̀ kó tó tún bá ara rẹ̀ pàdé, ìró tó ń gbọ̀n ní ìgbà 85 á sì pa ara rẹ̀. A fi í sẹ́bàá ògiri, a sì yí bọ́tìnnì kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kí ohùn ìsàlẹ̀ lè rọlẹ̀ díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni jígí. Mo jókòó, ìyàwó mi ń fa jígí lọ lára ògiri ẹ̀gbẹ́. Ibi tí mo bá ti rí sípíkà nínú jígí, ibẹ̀ ni ohùn ti ń ta padà sí mi létí. A fi aṣọ nínípọn àti ògbólógbòó fóòmù bo ibẹ̀. Mo ti lẹ páálí ẹyin mọ́ ògiri tẹ́lẹ̀ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń ṣe. Kò lè mú ohùn ìsàlẹ̀ rárá. Fóòmù ibùsùn tó nípọn, tí a gbé dúró sí igun lẹ́yìn, ràn wá lọ́wọ́ jù ú lọ. A kò ná ju owó búlọ́ọ̀kù mẹ́rin lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ ti sùn, mo rọra tan ohùn Bàbá Àgbà, ọ̀kan nínú márùn-ún tí n kò fọwọ́ kàn. Wọ́n kọ́kọ́ wúkọ́, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ìyàwó mi, tó wà ní yàrá ìdáná, dáhùn pé, "Ẹ káalẹ́ o, Bàbá." Ó ti sọ ọ́ tán kó tó rántí.

Mo fi márààrún náà ránṣẹ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, n kò gé ohunkóhun nínú wọn àfi ariwo ẹ̀rọ ìfẹ́ kan. Àbúrò mi kan gbé e sí sípíkà pálọ̀. Ó ní Ìyá Àgbà kò sọ nǹkan kan títí ó fi parí, wọ́n kàn ní kí ó tún un gbé sí i láti ìbẹ̀rẹ̀.

Méjì tó kù ṣì wà bí agolo. Mo gbìyànjú láti dá ohùn ìsàlẹ̀ padà, díẹ̀ ló padà. Ohun tí a bá gé tí a sì fi pamọ́ bẹ́ẹ̀, a kò lè gbà á padà tán. Ọmọ mi á gbọ́ ìtàn ọkọ̀ akẹ́rù 1969, á gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, èmi ni màá máa ṣàlàyé fún un pé ohùn Bàbá Àgbà wúwo jù báyìí lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbà nílé, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ lónìí. Ẹ da èyí tí ẹ kọ́kọ́ gbà kọ sí ibi méjì, kí ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀dà rẹ̀ nìkan ni kí ẹ máa tún ṣe. Bí ó bá sì dún gbì-gbì létí yín, ẹ kọ́kọ́ dìde, kí ẹ sún àga yín kúrò lára ògiri.