Ìrínisí ni Ìsọnilọ́jọ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Aṣọ Jagunjagun Inú Géèmù

Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Bí a bá ṣe rí ènìyàn ni a ṣe ń kí i, bí a bá sì ṣe rí ọ̀tá ni a ṣe ń múra dè é. Òwe yìí ni ó ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkúùgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Ọ̀fà bá ń jiyàn lórí géèmù ìbọn tí wọ́n ń gbá lórí fóònù. Àríyànjiyàn wọn kì í ṣe ti ẹni tí ó mọ ìbọn yìn jù; ti aṣọ ni. Àwọn kan ní ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ ra ẹ̀wù fún jagunjagun rẹ̀, kí ó wọ èyí tí ó bá wù ú. Àwọn kejì ní ẹ̀wù mìíràn wà tí kì í jẹ́ kí a mọ irú ẹni tí ó ń bọ̀. Èmi kì í ṣe ọ̀gá nínú géèmù, ṣùgbọ́n olùkọ́ Yorùbá ni mí, ọ̀rọ̀ àmì àti ìtumọ̀ sì ni iṣẹ́ mi. Lójú tèmi, ìbéèrè tí wọ́n ń bi ara wọn kò kéré: ta ni ó ni ìrísí, ẹni tí ó wọ aṣọ ni, tàbí ẹni tí ó ń wò ó?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò gbá a rí. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù tí ẹgbẹ́ méjì ti ń yìnbọn sí ara wọn, àwọn jagunjagun kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ̀kan ń ba sí ọ̀nà jíjìn, ọ̀kan ń wo àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ sàn, ọ̀kan tóbi bí àpáta ṣùgbọ́n ó lọ́ra. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yọ sí ọ lójijì, ìṣẹ́jú akàn ni o ní láti pinnu bóyá kí o sá, kí o dúró, tàbí kí o kọ́kọ́ kọjú sí oníṣègùn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí àyè láti béèrè orúkọ.

Ní ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ Valve ní Amẹ́ríkà gbé Team Fortress 2 jáde. Irú jagunjagun mẹ́sàn-án ni ó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún náà gan-an, mẹ́ta nínú àwọn tí ó ṣe é, Jason Mitchell, Moby Francke àti Dhabih Eng, kọ àpilẹ̀kọ kan tí ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ya àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ni ojú gbọ́dọ̀ rí ìdáhùn sí kíákíá. Ọ̀rẹ́ ni tàbí ọ̀tá? Àwọ̀ pupa àti búlúù ń dáhùn ìyẹn. Irú jagunjagun wo ni? Òjìji ara ni ó ń sọ ọ́: bí a tilẹ̀ kun gbogbo wọn ní dúdú biribiri, a ó ṣì mọ sárésáré tín-ín-rín yàtọ̀ sí alára ńlá tí apá rẹ̀ dà bí ìtì igi. Kí ni ó mú lọ́wọ́? Wọ́n mú kí àyà ibi tí ìbọn wà tàn ju ẹsẹ̀ lọ, kí ojú lè kọ́kọ́ bọ́ sí i. J. C. Leyendecker, ayàwòrán ìwé ìròyìn ní Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, wà lára àwọn tí wọ́n wo ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí ó dùn mọ́ mi jù ni pé amí wà láàrin àwọn mẹ́sàn-án náà, ẹni tí ó lè gbé ìrísí ọ̀tá wọ̀. Bí òjìji àwọn mẹ́jọ yòókù kò bá ṣeé gbẹ́kẹ̀lé, irọ́ amí náà kò ní rí ẹnikẹ́ni tàn jẹ.

Ní ọdún 2009 ni fìlà dé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, Valve ṣí ìsọ̀ sínú géèmù náà, níbi tí a ti lè fi owó gidi ra nǹkan. Nígbà tí ó di oṣù kẹfà ọdún 2011, géèmù náà fúnra rẹ̀ di ọ̀fẹ́, ọjà inú rẹ̀ ni ó wá ń pa owó. Fìlà nìkan kò pa òjìji lára púpọ̀, nítorí alára ńlá tí ó dé fìlà ṣì ni alára ńlá. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, ẹ̀wù, irùngbọ̀n, àpò ẹ̀yìn àti ìbòjú tẹ̀lé e, àwọn tí ó ti ń gbá a tipẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé àwọn kò tètè dá ènìyàn mọ̀ mọ́.

Kò yẹ kí irú ọ̀rọ̀ yìí ṣe àjèjì sí Yorùbá. Ẹni tí ó bá dàgbà sí ìlú tí egúngún ti ń jáde mọ̀ pé kí egúngún tó fọhùn ni ọmọdé ti mọ̀ bóyá kí òun sá tàbí kí òun sún mọ́ ọn. Onídán tí ó wá pa àwùjọ lẹ́rìn-ín kò rí bí èyí tí ń gbé pàṣán káàkiri. Síbẹ̀, aṣọ egúngún kì í dúró sójú kan. Ní ọ̀pọ̀ agbo ilé, bí ọdún bá ti yípo ni àwọn ọmọ ilé ń fi aṣọ tuntun kún ti àtijọ́: àrán, àǹkárá, èyíkéyìí tí agbára wọn bá ká, kí ọlá ìdílé lè hàn. Aṣọ ń pọ̀ sí i, àwọ̀ ń yí padà, ṣùgbọ́n gìrìwò egúngún náà, ohun tí ó rù lórí, àti bí aṣọ rẹ̀ ṣe ń fẹ́ bí ó bá ń yí, kò yí padà débi tí ará ìlú kò fi ní mọ̀ ọ́n. Àwọn tí ń ṣe géèmù ìbá ti kẹ́kọ̀ọ́ lára èyí.

Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan ti kọ́ ọ, nítorí orúkọ wa wà nínú ọ̀kan nínú àwọn géèmù náà. Ilé-iṣẹ́ Blizzard gbé Overwatch jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2016. Ní ọdún 2017, wọ́n fi Orisa kún un, ẹ̀rọ tí ọmọbìnrin ọlọ́dún mọ́kànlá kan, Efi Oladele, tún ṣe ní Numbani, ìlú inú àròsọ kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Akande Ogundimu dé, tí ìnagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ Doomfist, tí wọ́n sì ní Ọ̀yọ́ ni ibùdó rẹ̀. (Wọn kò fi àmì ohùn sí ọ̀kankan nínú àwọn orúkọ náà, mo ti fojú fò ó.) Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni Orisa ní, pẹ̀lú ìwo lórí. Doomfist ní ọwọ́ irin gbàǹgbà kan ní apá ọ̀tún. O lè wọ awọ ẹkùn fún un bí o bá fẹ́, ọwọ́ irin náà kò ní kúrò. Àwọ̀ jẹ́ ti ẹni tí ó ń gbá a, ọwọ́ jẹ́ ti gbogbo wa.

Síbẹ̀, ayàwòrán nìkan kò lè dá gbà wá. Nígbà tí Overwatch 2 dé ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, àwọn onígéèmù mú Doomfist kúrò láàrin àwọn akọlù, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀kan nínú àwọn tí ń dúró níwájú gbàbọn fún ẹgbẹ́. Ara kan náà, iṣẹ́ mìíràn. Ẹnikẹ́ni kò ra ẹ̀wù kankan tí ìtumọ̀ fi yí padà.

Géèmù tí ó wà lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi yàtọ̀. Fóònù ni wọ́n ní, Call of Duty: Mobile, tí ó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, ni wọ́n sì ń náwó dátà lé lórí. Láti ìbẹ̀rẹ̀, ní apá tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń jà títí yóò fi ku ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, òṣèré ń yan iṣẹ́ kan kí ó tó bẹ́ sílẹ̀ láti òfuurufú: oníṣègùn ni, tàbí Ninja, tàbí alátùn-únṣe ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò hàn lára rẹ̀. Aṣọ tí ó rà ni a ń rí. Ìsọ̀ ti gba ipò àmì.

Ibi tí ó ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ nìyí. Nínú Warzone, ìbátan géèmù yìí tí a ń gbá lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n ta ẹ̀wù kan fún jagunjagun tí ń jẹ́ Roze ní ọdún 2020, dúdú láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ tí ó sì fẹ̀yìn ti igun òkùnkùn, ojú kò tó o mọ́. Ariwo pọ̀ títí wọ́n fi mú àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i ní ọdún 2021. Ọ̀fà ni mo ń gbé, ìlú tí a fi ìjàkadì mọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Nínú ìjàkadì, èjìká, itan, àti bí ẹsẹ̀ ṣe tẹ ilẹ̀ ni a ń wò kí a tó fọwọ́ kan ara. Ẹni tí ó fi ońdè pamọ́ sábẹ́ bàǹtẹ́ lè dá ẹnìkejì rẹ̀, ṣùgbọ́n òǹwòran tí ó bá mọ̀ kò ní pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ̀wù Roze, ońdè tí a ń fi owó rà ni.

Mo sì gbọ́ ti àwọn tí ó ń fẹ́ ẹ̀wù. Nínú Fortnite, níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń bọ́ sílẹ̀ ní ọwọ́ òfo tí kò sì sí irú jagunjagun kan tí ó yàtọ̀ sí èkejì, aṣọ kò purọ́ iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni, kí olúkúlùkù wọ tirẹ̀. Ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì mi ní òun kò tíì rí jagunjagun tí ó di ṣùkú. Nǹkan tí ó ń béèrè kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ó fẹ́ kí ẹni tí òun ń darí jọ òun.

Nítorí náà ni mo fi fún wọn ní iṣẹ́ kan. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní tafàtafà ni Ọlálọmi Ọlọ́fà-gangan, ọmọ ọba Ọ̀yọ́ tí ó tẹ ìlú yìí dó, ọfà rẹ̀ ni ó sì di orúkọ ìlú. Mo ní kí wọ́n ya jagunjagun mẹ́rin fún géèmù tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ayé rẹ̀: tafàtafà, ẹlẹ́ṣin, onílù àti oníṣègùn. Èédú nìkan, kò sí ojú, kò sí àwọ̀. Ẹlẹ́ṣin àti tafàtafà kò gba aápọn. Gángan abẹ́ apá gba onílù là. Oníṣègùn ni ó dá wọn láàmú: wọ́n ya bàbá arúgbó pẹ̀lú ọ̀pá, àwọn kan ní baálẹ̀ ni, àwọn kan ní darandaran ni. Ọmọkùnrin kan wá so àdó méje mọ́ ìbàdí rẹ̀ yíká, kùlúbọ́ kùlúbọ́, gbogbo kíláàsì sì pariwo pé oníṣègùn nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo ní kí wọ́n ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ bí ó bá ṣe wù wọ́n. Ọmọbìnrin wa sọ tafàtafà di obìnrin, ó di ṣùkú fún un, ṣùkú náà sì ga bí òkè. Àwọn kan ní ó ti ba òjìji jẹ́, pé irun yẹn lè jọ ẹrù lórí. Òun náà kò gbà. Ó gbé àwòrán náà jáde, ó fi í ti ògiri ní ìkángun pápá bọ́ọ̀lù, ó ní kí gbogbo wa dúró sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì kí a wò ó. Ọrun ni a kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ni irun.